Ẹlẹ́rìí Tí Kò Ní Ọlọ́run

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ọmọ Ìyá Àdúrà ní, ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ rí ẹlẹ́rìí náà sójú.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Mọ́tò Ìyá Àdúrà gbá bíríkìlà kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Mọ́tò náà kò dúró, bíríkìlà kú. Ọlọ́pàá bá mọ́tò nínú ọgbà ilé ìyá àti ọmọ, iná iwájú rẹ̀ ti fọ́. Wọ́n bi ìyá. Ó gbé ìwé mímọ́ lé àyà, ó búra pé orí eékún lòun wà nínú yàrá, òun ń bá gbogbo àdúgbò bẹ Ọlọ́run. Wọ́n bi ọmọkùnrin rẹ̀, tó máa ń wa mọ́tò náà lọ síbi gbogbo tí ìyá bá rán an. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó gbé omi sẹ́nu. Òun ni wọ́n mú lọ.

Agbẹjọ́rò tí wọ́n gbà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ìyá: bí nǹkan ṣe rí yìí, ẹ̀wọ̀n gbọọrọ ló ń bọ̀. Lọ́jọ́ tó sáré wá sọ pé òun ti rí ẹni tó wà ní ìkóríta, tó sì rí ojú ẹni tó wa mọ́tò, Ìyá Àdúrà, tó máa ń fijó dúpẹ́ bí iná mànàmáná bá dé, kò jó rárá.

"Ta ni?"

"Oníkẹ́míìsì iwájú yẹn, mà. Ó ní kì í ṣe ọmọ yín."

"Ìjọ wo ló ń lọ?"

Agbẹjọ́rò rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Mà?"

"Mo ní ìjọ wo ló ń lọ!"

Kò lọ ìjọ kankan. Ẹlẹ́ní ni àdúgbò ń pè é, nítorí ẹní tó máa ń tẹ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tí á jókòó lé, tí á dijú, tí kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀sìn Búdà ló ń ṣe. Wọ́n ti bi í bóyá Búdà yìí ni Ọlọ́run rẹ̀, ó ní rárá o, èèyàn ni, ó sì ti kú. Wọ́n ní ta wá ni Ọlọ́run rẹ̀, ó ní òun kò ní. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àdúrà ti ń wa mọ́tò kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní òdìkejì ìlú. Á yínmú, á ní ṣé kí òun lọ fowó òun ra májèlé ni?

"Ẹ̀sìn tí kò ní Ọlọ́run!" ló wí fún agbẹjọ́rò. "Ìkòkò tí kò nídìí! Ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa bẹ̀rù tí kò fi ní parọ́? Ẹ wá ẹlòmíì."

"Kò sí ẹlòmíì, mà. Ọmọ yín ló ń lọ sẹ́wọ̀n yìí o."

"Ọlọ́run á bá a débẹ̀."

Ẹlẹ́ní náà sọ fún agbẹjọ́rò pé òun kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnikẹ́ni, àfi bí òun bá kọ́kọ́ rí ìyá ọmọ. Agbẹjọ́rò ní ó dáa, ó rò pé ọ̀wọ̀ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, Ẹlẹ́ní lọ kan ilẹ̀kùn. Ìyá Àdúrà ṣí i díẹ̀, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ló hàn.

"Ẹ kú ìsinmi, mà. Ẹjọ́ ti sún mọ́. Mo ní ó yẹ kí n kọ́kọ́ fún yín láyè."

"Àyè kí ni? Ìwọ tí o ò mọ ẹni tó dá ẹ!"

"Ọmọ yín ni mo ń rò, mà."

"Ṣìọ̀! Lọ rò ó lórí ẹní ẹ!"

Ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó jẹ́rìí nínú ìjọ pé ọ̀tá wá kan ilẹ̀kùn òun, òun sì lé e dànù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, akọ̀wé kóòtù na ìwé mímọ́ sí Ẹlẹ́ní. Ẹlẹ́ní ní kí wọ́n má bínú, òun kò lè fi ohun tí òun kò gbà gbọ́ búra. Ariwo sọ. Ìyá Àdúrà ti dìde.

"Olúwa mi, ẹ ò gbọ́ nǹkan! Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́!"

Adájọ́ ní kó jókòó. Ó wá wo Ẹlẹ́ní bí ẹni tó ń wo bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Búdà tí o ń tẹ̀ lé yìí, ṣé ó ń gbọ́ ohun tí o ń sọ?"

"Rárá, sà. Ó ti kú."

"Ṣé á fìyà jẹ ọ́ bí o bá parọ́?"

"Rárá, sà."

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló wá fẹ́ dá ẹ lọ́wọ́ kọ́?"

"Bí mo bá parọ́, ẹlòmíì á jìyà ẹ̀, sà. Èmi náà á sì máa bá irọ́ yẹn gbé."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ó tó mi, sà."

Adájọ́ pòṣé. Ó ní òfin fàyè gba irú wọn láti jẹ́jẹ̀ẹ́ lásán, bí kò tilẹ̀ wu òun. Ẹlẹ́ní jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òótọ́ lòun máa sọ.

Bó ṣe parí rẹ̀ báyìí ni ọmọkùnrin tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un fò dìde nínú àpótí olùjẹ́jọ́.

"Èmi ni o! Èmi ni mo wa mọ́tò! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ mọ́!"

"Ẹ ti gbọ́," Ìyá Àdúrà ní, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Inú ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni mo ti tọ́ ọ. Ọmọ mi kì í parọ́."

Agbẹjọ́rò wò ó tẹ̀gàntẹ̀gàn. Obìnrin tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n ju kí aláìní-Ọlọ́run gbà á sílẹ̀! Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó tọ ẹlẹ́rìí rẹ̀ lọ.

Ó bi Ẹlẹ́ní pé ta ló rí nídìí mọ́tò náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ẹlẹ́ní sì kọjú sí Ìyá Àdúrà, ó ní, "Ẹ̀yin ni, mà."