Ajá Tí Màámi Fi Pamọ́

Ara Màámi gbóná janjan láàárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti Fadérera àbúrò mi délé n'Ígbájọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń ṣe ségesège. Bí a kò bá tètè mọ kòkòrò tó wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Fadérera gbé àpótí àyẹ̀wò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ó kán ẹ̀jẹ̀ Màámi sí i. Kí ẹ̀kọ tí mo gbé kaná tó hó, àpótí ti fọhùn: "Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá. Kòkòrò yìí ṣọ̀wọ́n. Ẹnu ajá ló ń gbé. Ajá wo ló lá yín lójú egbò?"

"Èmi ò lájá!"

"Màámi," Fadérera ní, "Jẹ́nsinmi tẹ́ ẹ lẹ́ ẹ ti fún ará oko ńkọ́?"

Bí ajá ṣe gbọ́ orúkọ rẹ̀, ìrù bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Abẹ́rẹ́ oògùn tí àpótí yàn ni Fadérera gún fún Màámi. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, Màámi béèrè ẹ̀kọ.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má lé e o. Nígbà tẹ́ ẹ lọ tán, òun nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ogójì ọdún rèé tí mo ti wà lókè òkun. Láràárọ̀ ni àpótí tèmi ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi mọ́ tónítóní. Ta ni ìbá kúkú lá mi?