Orin Arẹmọ fún Bàbá Koloman

Mo ṣèlérí pé ìtàn yìí kò ní gùn. Orin inú rẹ̀ pàápàá kò tó àkókò tí èèyàn lè fi jẹ ẹyin kan tán.

Ní abúlé orí òkè kan ní ilẹ̀ Ọ́stríà, Bàbá Koloman gun àkàbà lọ́sàn-án láti já itan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ tó so rọ̀ ní àjà. Ẹran kò já. Bàbá ló já. Orí ló fi sọ ààrò onírin. Notburga àti Veit, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ nínú orin, tí wọ́n gbé fáyólìn àti ṣẹ́lò wọn wá kí i láti ìlú, gbé e sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Notburga sáré lọ fi tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ pe dókítà. Nígbà tó padà, ó ní dókítà ń bọ̀, ṣùgbọ́n yìnyín ti bo ọ̀nà. Ó sọ nǹkan sí Veit létí.

"Dókítà wo?" ni Bàbá wí. "Wọn ò tíì bí dókítà tí yóò sọ̀rọ̀ kí n gbọ́. Oorun ń kùn mí. Ẹ ta orin arẹmọ yẹn fún mi, kí n sùn."

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Fáyólìn á máa kọrin wẹ́rẹ́, pẹ̀lú igi kékeré tí wọ́n fi ń dí i lóhùn. Ṣẹ́lò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ oníkùn ńlá, á máa mì lábẹ́ rẹ̀ bí ibùsùn ọmọ, ohùn méjì péré, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ojú Bàbá ń pa dé. Notburga tẹ okùn síbi tí kò yẹ.

Bàbá lajú. "Ibùsùn ọmọ ni mo ní kó o mì, Notburga, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù!"

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá."

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Veit gbàgbé igi ìdíhùn. Fáyólìn han gooro.

"Veit! Ṣé ọmọ lò ń rẹ̀ ni, àbí ilé ló ń jó?"

"Ọwọ́ mi ló tutù, Ọ̀gá."

"Etí rẹ ńkọ́?"

Lẹ́yìn náà, wọ́n sáré jù. "Ẹ̀sọ̀! Ta ló ń lé yín?" Notburga wo ojú fèrèsé. Kò sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà.

Nígbà tó yá, ohùn Bàbá kò le mọ́. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ta á dáadáa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fẹ́ sùn. Ṣé ohun tí mo kọ́ yín náà nìyí?"

Omijé Notburga bọ́ sórí igi ṣẹ́lò. Ọwọ́ Veit ṣèèṣì bọ́ sí i: orin náà gòkè díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó ń lọ síbi ohùn ìkẹyìn tí ṣẹ́lò nìkan máa ń dì mú títí yóò fi pòórá. Orí Bàbá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Notburga ha ohùn ìkẹyìn náà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí.

Bàbá ta gìrì dìde jókòó. "Orí ni mo fi gbá ààrò, kì í ṣe etí!"

Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tí dókítà wọlé, yìnyín dé e ní orúnkún. "Ẹ lé àwọn méjèèjì yìí jáde," ni Bàbá wí. "Apààyàn ni wọ́n."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́, nítorí ó ṣì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín dòní: ohun tí dókítà sọ fún Notburga lórí tẹlifóònù ni pé bí arúgbó náà bá fi lè sùn kí òun tó dé, kò ní jí mọ́.