Ìlà Kékeré tí Shawki Kọ̀ láti Fà

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ìjọba fi gègé lé lọ́wọ́.

1.
Ní ìlú Tanta, nílẹ̀ Íjíbítì, Shawki Nasim ló ń ṣe káàdì ìdánimọ̀. Àyè kan wà lórí káàdì náà tí wọ́n ń kọ ẹ̀sìn sí. Shawki kì í bi ẹnikẹ́ni. Á wo orúkọ, á kọ ẹ̀sìn, ó parí. Ó sì ń fọ́nnu pé òun kò ṣìṣe rí.

Lọ́jọ́ kan, opó kan tó ń jẹ́ Rawhiya mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ọmọ náà ti yege láti wọ yunifásítì, káàdì ló kù. Shawki wo orúkọ, ó kọ "Mùsùlùmí".

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹlẹ́sìn Bàháì ni wá, a kì í ṣe Mùsùlùmí, a kì í sì ṣe Kristẹni. Ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n máa fa ìlà kékeré síbẹ̀ fún wa dípò orúkọ ẹ̀sìn. Ìdájọ́ náà rèé."

Shawki ò tilẹ̀ wo ìwé náà. "Ìyá, ìlà kì í ṣe ẹ̀sìn."

"Òfin ilẹ̀ wa ní olúkúlùkù ló ni ìgbàgbọ́ rẹ̀."

"Òfin wà ní Cairo. Èmi ni mo wà níbí."

Rawhiya kọ̀, kò gba káàdì irọ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ń lọ tó ń bọ̀, ọmọ ò rí yunifásítì wọ.

2.
Shawki fẹ̀yìntì. Nígbà tó fẹ́ gba káàdì tuntun, Hana tó kọ́ níṣẹ́ ló ṣe é fún un. Orúkọ bíi Shawki Nasim, Mùsùlùmí ń jẹ́ ẹ, Kristẹni ń jẹ́ ẹ. Hana ò béèrè, bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Shawki náà ti káàdì bọ àpò láìwò ó.

Ọjọ́ ìgbéyàwó Ghada, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pé. Ààfáà tí yóò so yìgì gba káàdì bàbá ìyàwó, ó kà á.

"Ọ̀gá Shawki, Kristẹni ni wọ́n kọ síbí o. Òfin ò gba Kristẹni láyè láti fa ọmọ Mùsùlùmí fọ́kọ."

"Ààfáà, ẹ̀yìn yín ni mo ti ń kírun láti ogún ọdún."

"Èmi mọ̀ yín. Ìwé ni ò mọ̀ yín."

Fikri àbúrò rẹ̀ ló fa Ghada fọ́kọ. Shawki jókòó sẹ́yìn, ó ń sunkún. Ọjọ́ yẹn kò ní padà wá mọ́.

3.
Nígbà tó lọ tún káàdì náà ṣe ní ọ́fíìsì tó ti lo ọgbọ̀n ọdún, "ẹ padà wá lọ́la" ni wọ́n ń sọ fún un. Ibẹ̀ ló ti pàdé Rawhiya, tó wá gba káàdì ọmọ rẹ̀ níkẹyìn, lẹ́yìn tí agbẹjọ́rò àwọn Bàháì ti gbé ọ́fíìsì náà lọ sílé ẹjọ́. Shawki doríkodò.

"Mo gbọ́ nípa ìgbéyàwó yẹn," Rawhiya ní. "Ó dùn mí. Agbẹjọ́rò wa á bá yín ṣe é."

"Ìyá, ẹ ò bínú sí mi ni?"

"Mo bínú títí, ó sú mi. Ẹ lọ mú ìwé ìbí yín wá."

Ìdájọ́ tí Shawki kò wò níjọ́sí ni agbẹjọ́rò náà gbé lé adájọ́ lọ́wọ́, torí ó wà nínú rẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ kọ ẹ̀sìn tí kì í ṣe ti ẹni sórí káàdì ẹni. Káàdì rẹ̀ bọ́ sípò. Ó gbé àkàrà òyìnbó lọ sílé Rawhiya, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ náà jẹ́ kóun rí káàdì rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà kékeré náà. Kò ju èékánná lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ béèrè kí ẹ tó kọ. Òfin tí ẹ bá fi du ẹlòmíràn, òun náà ni ẹ máa wá lọ́la. Bí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ bá sì ràn yín lọ́wọ́, ẹ tètè lọ dúpẹ́, torí kò jẹ yín ní gbèsè rẹ̀.