Ọwọ́-Àpáta àti Ohùn Bàbá Tíṣà

Ẹ má fo ìlà kankan nínú ìtàn yìí, ẹ kà á dé ìdí. Ẹni tí kì í dé ìdí nǹkan ni ìtàn náà dá lé lórí, mi ò sì fẹ́ kà yín mọ́ ọn.

1.
Ayafídíò kan wà tí àdúgbò ń pè ní Ọwọ́-Àpáta. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun kì í gbọ̀n, pé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń gbé kámẹ́rà lé, ọ̀pá arúgbó ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù, ra ọ̀kan fún un. Ṣòkòtò tútù ló ń sá sórí ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì wá bá a. Bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní àìsàn ọ̀nà ọ̀fun. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, lẹ́yìn ìyẹn, kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.

“Ohùn tó fi tọ́ wa ni,” ni aránṣọ wí. “Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa ráyè ṣe é, ọ̀gá.”

“Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ àpáta lẹ wá bá.”

2.
Bàbá Tíṣà jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọmọ rẹ̀ rán fún un. Ogún ìṣẹ́jú ló fi sọ̀rọ̀, ó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí ọwọ́ àpáta ti ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Bàbá dá ọ̀rọ̀ dúró.

“Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. Gbé nǹkan yẹn lé orí tábìlì.”

“Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, Bàbá. Kọ̀ǹpútà á tún un ṣe.”

Bàbá wò ó bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ fi gbólóhùn bàbá yẹn sápò o, a máa tún pàdé ẹ̀.

3.
Nínú ètò tó fi ń gé fídíò, bọ́tìnì kan wà tó ń mú àwòrán tó ń gbọ̀n dúró. Ọwọ́-Àpáta kọ́kọ́ gé ibi tí bàbá ti bá a wí kúrò, ó wá fa bọ́tìnì yìí dé ìpẹ̀kun. Àwòrán dúró lóòótọ́, àmọ́ orí bàbá ń fẹ̀, ó ń súnkì, bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú omi garawa. Kọ̀ǹpútà tún gé iwájú orí bàbá dànù. Nígbà tó wá rẹ́ńdà, ìyẹn ni pé ó ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fídíò kan, ìlà aláwọ̀ ewé gba ojú bàbá kọjá bí pàṣán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó láti ẹ̀yìn. “Dín bọ́tìnì yẹn kù. Kọ̀ǹpútà yìí gbóná bí ààrò, pa á kó tutù. Rẹ́ńdà díẹ̀ kó o wò ó ná. Má sì fọwọ́ kan káàdì kámẹ́rà tí ojúlówó wà nínú ẹ̀ àfi tó o bá wo èyí tó o rẹ́ńdà dé òpin.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lẹ ń yà. Oníbàárà tiyín kì í mira.”

“Tìẹ náà ò mira. Ìwọ lo mira.”

Ó dín bọ́tìnì náà kù ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ẹ̀gbọ́n má bàa rí i, kò sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tutù. Ó rẹ́ńdà lẹ́ẹ̀kejì, ó wo ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó mọ́ rekete. Ló bá pa ojúlówó fídíò rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó nu káàdì mọ́, ó sì fi lọ ya ìdíje bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

4.
Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹbí pé sí pálọ̀ aránṣọ. Bàbá jókòó síwájú, báńdéèjì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìṣẹ́jú kẹta kọjá, gbogbo ojú ń rẹ́rìn-ín. Ní ìṣẹ́jú keje, bàbá la ẹnu láti pe àkọ́bí rẹ̀. Ìlà aláwọ̀ ewé bo ojú rẹ̀, ohùn ń já, ó ń já, ó sì pa lọ́lọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé ìparí.

“Ó dáa,” ni aránṣọ wí. “Ẹ lọ mú ojúlówó wá.”

Ọwọ́-Àpáta ń wo bàtà rẹ̀. “Àǹtí, mo ti pa á rẹ́.”

Ẹnikẹ́ni ò bú u. Ì bá sàn kí wọ́n bú u.

5.
Kò sá lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń fi ètò kan tó ń wá fídíò tí wọ́n ti pa rẹ́ tú káàdì yẹn wò. Bọ́ọ̀lù ló ń rí, àti ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù, níbi tí ojú bàbá ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kó sinmi, ó ní òun ò ní sinmi àfi tóun bá dé ìdí káàdì náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá yọjú. Ó wò ó dé òpin lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé e lọ sí pálọ̀ aránṣọ.

Ohùn Bàbá Tíṣà jáde ketekete: “Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. Gbé nǹkan yẹn lé orí tábìlì.”

Ó tán. Aránṣọ fi etí ìró bo ojú. Bàbá mú bírò, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. Aránṣọ kà á sókè:

“Bàbá ní, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn tó sọnù, èyí tí o kò gbọ́ ló ṣẹ́kù.”

Láti ọjọ́ náà, kò sí ṣòkòtò lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mọ́. Kámẹ́rà ló wà níbẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, tí o mọ iṣẹ́ rẹ dunjú débi pé o kì í yẹ̀ ẹ́ wò dé òpin, ìwọ ni mò ń bá wí. Gbé e lé ohun tí kì í gbọ̀n. Wò ó tán kó o tó pa ojúlówó rẹ́. Bí àgbà bá sì ní ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, wo ọwọ́ rẹ. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.