Ọgbẹ́ Tí Láyíwọlá Kùn Sẹ́sẹ̀ Àbúrò Rẹ̀

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí àtẹ́wọ́ èèyàn máa ń dùn mọ́.

1.
Lọ́dún 1991, àwọn òṣèré Ìlọrin mọ Láyíwọlá dáadáa. Òun ló ń kun ojú àti ara fún wọn. Ó rí i nínú ìwé ìròyìn òyìnbó kan bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kun ọgbẹ́ sára nítorí àjọ̀dún Halowíìn, níbi tí wọ́n ti ń múra bí òkú àti iwin. Kò rí èròjà tiwọn rà, ó bá fi òwú, gọ́ọ̀mù, osùn àti omi ìṣápá ṣe tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó kun ọwọ́ ara rẹ̀ tó sì gba Ọjà Tuntun kọjá, àwọn obìnrin ń ṣíjú kúrò, ọkùnrin kan bì. Láyíwọlá rẹ́rìn-ín délé. Ọjọ́ náà ni ìgbéraga gùn ún.

2.
Àbúrò rẹ̀, Jídé, ló ń ṣe jagunjagun tó fara gbọgbẹ́ nínú eré wọn. Ìyá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fà á lé Láyíwọlá lọ́wọ́: "Bí o ṣe mú un lọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kí o mú un padà wá fún mi."

Lọ́jọ́ tí eré máa bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Challenge, ìṣó tó ti dípẹtà lára pákó ìtàgé gún Jídé nísàlẹ̀ orúnkún.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ n sáré lọ gba abẹ́rẹ́."

"Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Èrò ti ń wọlé! Ibi tí mo fẹ́ kùn gan-an ló ti gún ẹ. Ká ṣeré tán ná."

Binta, tó ń ṣe ìyàwó jagunjagun, dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n, wallahi, ìṣó tó dípẹtà kì í ṣọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ó lọ."

"O ti di nọ́ọ̀sì nìyẹn? Lọ wá gèlè ẹ."

Kí ọgbẹ́ náà lè dà bí èyí tó ti pẹ́, Láyíwọlá bu erùpẹ̀ níbi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó fi pa ojú ihò náà, ó lẹ òwú mọ́ ọn, ó kun osùn lé e. Nígbà tí Jídé jáde, gbogbo gbọ̀ngàn pariwo.

Eré tún wà lọ́jọ́ kejì. "Má fọ ẹsẹ̀ yẹn o," ni Láyíwọlá wí. "Mi ò lè kun irú ẹ̀ mọ́ láé."

3.
Nígbà tí Jídé máa fọ̀ ọ́, ojú ihò náà ti pa dé. Kò sẹ́ni tó rántí abẹ́rẹ́ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ń múra eré.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń le. Mi ò lè la ẹnu jẹ̀kọ láàárọ̀."

"Ẹ̀rù èrò ló ń bà ẹ́. Jókòó jẹ́ẹ́ kí n kun ẹsẹ̀ ẹ."

Níbi tí jagunjagun ti máa kú, Jídé ṣubú. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, eyín rẹ̀ pa dé gbọin-gbọin. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Láyíwọlá náà ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé: "Ọmọ yìí ti mọ eré ṣe!"

Wọ́n fa aṣọ ìkélé dé. Jídé ò dìde. Binta figbe ta. Níta, àtẹ́wọ́ ṣì ń dún.

4.
Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ń fi omi nu ẹsẹ̀ Jídé, osùn ń ṣàn sílẹ̀.

"Tẹ́tánọ́ọ̀sì lèyí, àrùn tó ń ti inú erùpẹ̀ gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Ta ló kùn ún báyìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dáa, fi ojúlówó ọgbẹ́ hàn mí. Ibo ni nǹkan ti gún un?"

Láyíwọlá na ìka. Ó fi kan ibì kan, ó mú un kúrò, ó tún fi kan ibòmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ti rú u lójú. Jídé ò lè la ẹnu sọ ọ́. Ojú nìkan ló fi ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Jídé kú. Láyíwọlá sì mú un padà fún ìyá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá rí osùn tó ṣẹ́ kù lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. "Kí lèyí?" Láyíwọlá fi etí aṣọ rẹ̀ nu osùn náà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbọ́ o: bí ẹni tó wà lábẹ́ yín bá ní nǹkan gún òun, ẹ dá eré dúró. Èrò á relé, wọn á gbàgbé àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa. Ẹ má kun ohun tó yẹ kí ẹ fọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.