Ìwé Àṣẹ Láti Pa Fadérera

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni àwa òǹkọ̀wé máa ń tò sí ọ́fíìsì ìjọba láti gba àṣẹ, ká tó lè pa ẹnikẹ́ni nínú ìtàn wa. Fadérera, ọmọge inú ìwé mi tí mo fẹ́ pa ní orí ogún, níbi tí ìwé náà máa parí sí, jókòó tì mí, ó ń jẹ gúgúrú.

Obìnrin tó ń lu òǹtẹ̀ bi mí pé, "Ta ló bí i?"

Orí mi wú. "Èmi ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi rò ó."

Ó ti fọ́ọ̀mù mi padà. "Bàbá kì í sin ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ kú ná, sà."

Fadérera gbé gúgúrú sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ ó pẹ́ fún wa."

Mo ti ṣe àmín kó tó yé mi pé ìwé mi ò ní parí mọ́.