Àrọ̀ Ẹlẹ́yin Tí Mùstàfá Gbé Jáde Nínú Ibú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù kankan. Fọ́tò kan ṣoṣo ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀.

1.
Apẹja ni Mùstàfá, ọmọ Èrúwà. Iṣẹ́ baba rẹ̀ ló jogún: ìwọ̀, okùn, àti ibú kan lẹ́yìn oko tí wọ́n ń pè ní Ibú Alárọ̀.

Ayé ìgbà náà dùn. Lọ́dọọdún, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí omi odò pọ́n bí epo, baba rẹ̀ á kó gbogbo ìwọ̀ rẹ̀, á fi kọ́ àjà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní: "Àwọn ẹja olóyún ń kọjá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá." Oko ẹ̀gẹ́ ni yóò gbà lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko, wọn ò ní fojú kan ẹja ibú. Irú àti ẹ̀gúsí ni Hàlímọ̀, ìyá Mùstàfá, fi ń se ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú.

Ṣùgbọ́n tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé! Òórùn àrọ̀ tí Hàlímọ̀ ń yan á gba àdúgbò kan. Àwọn ará ilé kejì á máa wá tọrọ ògúnná tí wọn ò nílò.

2.
Baba kú. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja kó àwọn apẹja jọ, wọ́n fún wọn ní káàdì, wọ́n sì ka òfin sí wọn létí. Láti òjò àkọ́rọ̀, oṣù mẹ́ta, kí ìwọ̀ má wọ ibú. Kí ẹnikẹ́ni má lo àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́. Bí àrọ̀ ńlá ẹlẹ́yin bá sì gbé ìwọ̀ mì, ìgbà yòówù kó jẹ́, kí wọ́n gé okùn nígbà tó ṣì wà nínú omi. Kí wọ́n má gbé e wá sórí ilẹ̀ rárá.

Ìsmáílà, alága àwọn apẹja, rẹ́rìn-ín. "Mùstàfá, ohun tí baba rẹ ń ṣe láìsí bébà nìyí."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló wá yìn ín? Kò sí fọ́tò kan báyìí tí mo lè fi hàn pé baba mi pa ẹja rí."

3.
Òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó kọjá ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó rọ̀ tí Mùstàfá fi mú Kẹ́hìndé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó di Ibú Alárọ̀. Ìwọ̀ kan péré ló jù sómi. Ohun tó fà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Àrọ̀ ni, ó gùn bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ikùn rẹ̀ wú bàǹtì.

"Ẹlẹ́yin ni o! Gé okùn!" Kẹ́hìndé pariwo.

"Kí n gé e, kí n wá máa ròyìn ẹnu? Ta ni yóò gbà mí gbọ́?"

"Ṣebí èmi rí i."

"Ìwọ? Ìwọ tó o sọ pé ejò méjì kí ọ lóko? Yọ fóònù, jàre!"

Ó wọ́ ẹja náà gun iyanrìn, ó gbé e sókè. Fọ́tò àkọ́kọ́ ṣókùnkùn. Nínú ìkejì, fìlà rẹ̀ wọ́. Nígbà tí ìkẹta fi dára, ẹyin ẹja ti ń kán sí i lẹ́sẹ̀ bí ọkà bàbà. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò: "Ibú Alárọ̀, Èrúwà. Ọmọ baba mi ni mí!" Ó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Àrọ̀ náà kú sórí iyanrìn.

4.
Fọ́tò kì í dúró síbi tí a fi í sí. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀kadà ti ń wọ́ bọ̀ láti Igbó-Ọrà, láti Ayétẹ̀. Àwọn kan gbé àwọ̀n tó lè sẹ́ gaàrí wá. Àwọn kan da oògùn kòkòrò sómi. Ìsmáílà fi ara dí ọ̀nà.

"Òfin wo?" ni wọ́n fi dá a lóhùn. "Èyí tó wà lọ́wọ́ Mùstàfá nínú fọ́tò ńkọ́?"

Mùstàfá sáré débẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń kan sárá sí i: "Ọ̀gá, ẹ ṣé o! Ẹ̀yin lẹ fọ̀nà hàn wá!"

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọ epìyà léfòó funfun lójú omi bí ìyẹ́ adìẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí wọn. Wọ́n gba káàdì Mùstàfá. Wọ́n ti ibú náà pa mọ́ gbogbo apẹja, kò sì sẹ́ni tó mọ ọdún tí wọn yóò ṣí i.

5.
Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Hàlímọ̀ ti darúgbó. "Ọmọ mi, àárò àrọ̀ ibú ń sọ mí."

Mùstàfá lọ ra ẹja tí wọ́n sìn nínú táǹkì, ó ní kí wọ́n yan án dáadáa. Màmá bù ú jẹ, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́, ó dá ìyókù padà sínú àwo.

"Mùstàfá, ẹja ta nìyí?"

Mùstàfá fa àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Kò burú," ni màmá wí. "Mi ò kàn mọ̀ ọ́n ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo kìlọ̀ fún yín: bí òfin bá ní kí ẹ fi ìyá ẹja sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gé okùn, kódà bí kò bá sẹ́ni tó máa rí yín, tí kò sẹ́ni tó máa yìn yín. Àwọn tó ṣáájú wa pa ẹja jẹ, wọ́n sì ṣẹ́ ẹja kù fún wa. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ fọ́tò nìkan la óò fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ẹni tó bá gún èbù níyán, ebi ló gbìn sóko.